Kí Irin Àárín Tó Já Bọ́

Irin róbótó kan wà lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ mi ní Kàbà. Ó fẹ̀ tó abọ́ ọbẹ̀, ó nípọn tó ìka ọwọ́ méjì tí a tò pọ̀, ó sì wúwo tó kìlógíráàmù 9. Ní àárín rẹ̀ gan-an, ojú páǹṣì kékeré kan wà, ibi tí irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ti lù, tí kò ju orí èékánná lọ. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ti ná an lọ́wọ́ mi tó ìgbà mẹ́ta, mi ò tà á. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ó tó fọwọ́ kan gáàsì tí a fi ń gé irin, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́.

Nígbà ọyẹ́ ọdún 2011 ni. Àwọn kan tó ń fọ́ òkúta lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Lọ́kọ́ja ló gbé iṣẹ́ náà wá. Bàbá kan, ará Ìjùmú, tó ń bójú tó ẹ̀rọ wọn, ló sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

“Ọ̀kún o, ọ̀gá.”

“Ọ̀kún, Bàbá. Ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú eruku.”

Wọ́n ti tú ẹ̀rọ náà. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí ọ̀pá ńlá inú rẹ̀ dúró lé ti jẹ. Ojú ihò tí bearing, ìyẹn òrùka irin tí ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀, ń jókòó sí, tó yẹ kó rí róbótó, ti di bí ẹyin. Wọ́n fẹ́ pléètì tuntun méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan mílímítà 400 níbùú lóròó, 40 ní nínípọn, kí ihò mílímítà 200 sì já láti ojú kan dé ojú kejì lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bearing 6222 ni yóò wọ ibẹ̀. Ẹni tó ń ta bearing mọ bí wọ́n ṣe ń ka nọ́ńbà yẹn: fi 5 sọ 22 tó wà lẹ́yìn di púpọ̀, 110 ni, ìyẹn ìwọ̀n ọ̀pá tó ń wọ inú rẹ̀. Ìta rẹ̀ jẹ́ 200, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 38. Nínú pléètì 40, ó jókòó tán, a ó wá fi ìdérí bo ojú méjèèjì.

Pléètì kan ṣoṣo wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 50. Ẹni tó ti sọ àpò sìmẹ́ńtì kan kalẹ̀ nínú tọ́ọ̀kù tó ń bọ̀ láti Obajana rí mọ ohun tí mò ń wí.

Mo ti gba fírídọ̀mù láti ọdún mẹ́fà nígbà náà. Ọ̀gá mi jẹ́ ọ̀kan lára àwọn táánà tó ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ irin Àjàòkúta, àwọn tó ń lo lathe, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ẹnu mímú lè gé e, ó sì fi sùúrù kọ́ mi. Ohun tí mò ń ṣe lójoojúmọ́ ni ọ̀pá ẹ̀rọ gààrí, púlì, ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ búlọ́ọ̀kù. Ihò pọ̀ nínú gbogbo ìyẹn. Mo wá rò pé ihò ńlá kò ju ihò kékeré tó dàgbà lọ.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá fi dírílì lu ihò mílímítà 12, gbogbo irin tó wà níbẹ̀ ló di èérún. Kò sí ohun tó ṣẹ́ kù tí yóò ṣubú. Ṣùgbọ́n ihò 200, ta ni yóò sọ gbogbo rẹ̀ di èérún? Etí rẹ̀ lo máa gé yí ká, irin àárín á wà lódindi, á máa dúró dè ọ́. Bí o bá ṣe ń gé e lọ ni ohun tó dì í mú ń dín kù. Nígbà tó bá sì ku díẹ̀ kí iṣẹ́ parí, tí ọkàn rẹ ti balẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni kò sí ohun kankan tó dì í mú mọ́.

Gáàsì ni mo fi gé pléètì àkọ́kọ́. A da omi sí kábáìdì, a ṣí ọ́síjìn, mo fi ẹfun fa òbìrí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 190 kí n lè ní mílímítà 5 yí ká tí lathe yóò jẹ kúrò. Mo ṣe kọ́ńpáàsì sí ẹnu gáàsì náà: ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú ojú páǹṣì láàárín, ọwọ́ kejì gbé iná yí ká. Ìyẹn dára. Mo dá iná lu irin láti inú ibi tí yóò já dànù, mi ò bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà, nítorí ibi tí iná bá ti kọ́kọ́ lu irin tó nípọn máa ń tú jáde bí omi tó hó, ó sì máa ń fẹ̀ ju bí o ṣe fẹ́ lọ. Ìyẹn náà dára. Mo gbé pléètì náà lé orí irin áńgù méjì, òfìfo ló wà lábẹ́ rẹ̀ dé ilẹ̀. Ibẹ̀ ni kò dára.

Tí iná bá ń gé irin mílímítà 40, òkè máa ń ṣáájú, ìsàlẹ̀ á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Wo iná tó ń já bọ́ lábẹ́, wàá rí i pé ó ń tẹ̀ sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí mo yí dé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, tí ìlà òkè ti pàdé, ìsàlẹ̀ ṣì dì mú díẹ̀. Mo rí i pé kò já. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú iná, mo ń retí. Ó wá já lẹ́ẹ̀kan náà, lápá kan, ó dẹ̀gbẹ́. Ẹsẹ̀ kọ́ńpáàsì mi wà nínú ojú páǹṣì yẹn, ojú páǹṣì yẹn sì wà lára irin tó ń ṣubú. Ohun tí mo fara tì ni mo ti gé kúrò lábẹ́ ara mi. Ọwọ́ mi tẹ̀ lé e, iná fì síta, ó sì jẹ ẹ̀gbẹ́ ihò náà wọ inú tó mílímítà 8.

Irin gbígbóná kìlógíráàmù 9 balẹ̀ sórí kọnkéré. Kọnkéré náà bú, èéfọ́ rẹ̀ ta. Ọmọ iṣẹ́ mi, ọmọ ọdún 17, sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ibi tí irin náà yí dúró sí kò tó ìwọ̀n ìgbésẹ̀ kan sí ọmọńdinrín rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún wo mi. Mo pa iná, mo jókòó sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tí kò bá wọ bàtà iṣẹ́ kì í wọ ṣọ́ọ̀bù mi tí gáàsì bá ń jó, oníbàárà ni tàbí ọmọ iṣẹ́.

Bí mo ṣe ń ṣe é nísinsìnyí rọrùn. Mo máa ń da yanrìn gbígbẹ sábẹ́ pléètì, kí ó kún dé bí ìka mẹ́rin sí i, kí n tó fi irin páìpù kan tó nípọn gbé irin àárín dúró láti ìsàlẹ̀, kí ó má bàa lọ síbì kankan nígbà tó bá já. Yanrìn náà gbọ́dọ̀ gbẹ. Omi tó wà nínú yanrìn tútù máa ń fò sókè bí ooru bá kàn án. Tó bá sì ku bí ìka kan kí ìlà pàdé, mo máa ń rọra lọ kí ìsàlẹ̀ lè bá òkè.

Pléètì yẹn ńkọ́? Mílímítà 5 ni mo fi sílẹ̀ fún lathe, iná ti jẹ 8. Mílímítà 3 ti kọjá ibi tí bearing yóò jókòó sí. Mo ní kí n jó o kún. Mo fi ọ̀pá wẹ́dà kún un, ó dùn ún wò. Àmọ́ irin tó nípọn bẹ́ẹ̀ máa ń fa ooru lọ kíákíá, ó ń ṣe ohun tí alágbẹ̀dẹ ń ṣe nígbà tó bá ki ọkọ́ gbígbóná bọ omi. Ibi tí mo jó náà le ju irin yòókù lọ. Ẹnu lathe mi méjì ló kán níbẹ̀. Ká ní mo ti yọ́ iná sí pléètì náà kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí n tó jó o, tí mo sì bò ó kó tutù díẹ̀díẹ̀, kì bá má le tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó kan pléètì kejì, ẹ̀rù gáàsì ti bà mí. Mo lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Ó gbọ́ tán, kò bá mi wí, ó ní: “Lọ fi dírílì tò ó.”

Títò ni pé kí o lu ihò wẹ́wẹ́ yí òbìrí ká, kí wọ́n sún mọ́ra débi pé díẹ̀ ni irin tó wà láàárín wọn, kí o wá gé àwọn díẹ̀ náà. Iṣẹ́ sùúrù ni, àmọ́ irin kò gbóná, kò le, kò sì lọ́. Mo bá jókòó pẹ̀lú ìwé àti bírò. Mo fẹ́ fi mílímítà 2 sílẹ̀ fún lathe yí ká, nítorí náà kí ìta àwọn ihò náà má kọjá 196. Ẹnu dírílì mi jẹ́ 12, àárín àwọn ihò náà yóò wá wà lórí òbìrí 184. Yíyíká òbìrí 184 jẹ́ 578. Tí mo bá fi ihò kan jìnnà sí èkejì ní mílímítà 13 àti díẹ̀, ihò 44 nìyẹn, mílímítà kan ni yóò sì kù láàárín ihò méjì.

Ihò 44, ọ̀kọ̀ọ̀kan mílímítà 40 nínú irin. Mo fi páǹṣì lu ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan jìn dáadáa, mo kọ́kọ́ fi ẹnu 5 ṣáájú, kí ẹnu 12 tó tẹ̀ lé e. Àwọn tí mo sáré lù láìfi ẹnu 5 ṣáájú, mẹ́ta péré ni, méjì nínú wọn rìn gbéregbère, wọ́n sì wọ inú aládùúgbò wọn kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀. Ẹnu dírílì há nínú ọ̀kan. Bí ẹnu bá ti wọlé tó ìwọ̀n ìlọ́po mẹ́ta ìbú ara rẹ̀, èérún kì í rí ọ̀nà jáde mọ́. Ńṣe ni o máa fà á jáde, kí o da òróró sí i, kí o tún padà wọlé. Nígbà tó bá fẹ́ já sí òdìkejì, wàá gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀: ó máa yí padà, ó máa fẹ́ gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Dẹ ọwọ́ rẹ níbẹ̀. Mo fi pákó tó nípọn sábẹ́ pléètì náà, ẹnu dírílì á wọ inú pákó kí irin tó lè gbá a mú.

Ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ló gbà mí. Jẹnẹrétọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí iná ìjọba kò dúró. Nígbà tí ihò 44 pé, irin àárín náà kò mira, bẹ́ẹ̀ ni mílímítà kan-kan ló dì í mú. Mo gbé páìpù sábẹ́ rẹ̀, mo da yanrìn sí ìsàlẹ̀, a wá ń fi ṣísẹ́lì àti òòlù já àwọn díẹ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, a kì í já méjì tó tẹ̀ léra, a ń já ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan ní òdìkejì. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn já, irin àárín náà kàn jókòó sórí páìpù. Ọmọ iṣẹ́ mi fi ọwọ́ méjèèjì gbé e kúrò bí ẹni gbé ìkòkò sọ̀ lórí ààrò.

Láti ìgbà náà, tí ihò bá wà fún kí bẹ́líìtì tàbí páìpù kàn gbà á kọjá, gáàsì ni mo máa lò, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Tí bearing bá máa jókòó níbẹ̀, tàbí tí mi ò bá mọ irú irin tó jẹ́, dírílì ni. Mo ti rí ẹ̀rọ dírílì tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì lẹ̀ mọ́ irin, tí ẹnu rẹ̀ ṣófo nínú, tó ń gé etí ihò nìkan yí ká. Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n irin àárín wà nínú iṣẹ́ tirẹ̀ náà, ó sì máa ń fò jáde ní gbígbóná nígbà tó bá já.

Ó wá kù kí lathe ṣe tirẹ̀. Pléètì onígun mẹ́rin 400, láti igun dé igun jẹ́ mílímítà 566. Kò lè yí lórí bẹ́ẹ̀dì lathe mi. Mo yọ irin tí wọ́n fi dí àlàfo tó wà níwájú bẹ́ẹ̀dì náà kí igun lè rí àyè, mo sì fi bọ́ọ̀tù mẹ́rin de pléètì mọ́ faceplate, àwo irin pẹrẹsẹ tó ń yí níwájú lathe, láti inú ihò mẹ́rin tí wọ́n máa padà fi de é mọ́ ara ẹ̀rọ òkúta. Mo dè é pinpin, ara sí ara.

Ọ̀gá mi ló wọlé tó wò ó, tó bi mí pé, “Nígbà tí ẹnu rẹ bá já sí òdìkejì, ibo ló ń lọ?”

Mo wo ẹ̀yìn pléètì náà. Ojú faceplate ló wà níbẹ̀. Ẹnu tí mo ń fi gé irin ì bá ti já, ì bá sì ti lọ kọ lu faceplate lọ́gán. Gbogbo ohun tí mo rí kọ́ lára gáàsì, mo tún ti gbàgbé rẹ̀ lórí lathe. Ihò tó já ní ẹ̀yìn, ẹ̀yìn náà sì gbọ́dọ̀ ní àyè. A tú u. Mo fá irin mẹ́rin tó nípọn dọ́gba, mílímítà 25 géérégé, mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ bọ́ọ̀tù kọ̀ọ̀kan gan-an. Tí bọ́ọ̀tù bá ń fa ibi tí irin kò sí lábẹ́, pléètì á tẹ̀, wàá gé ihò róbótó, tí o bá wá tú bọ́ọ̀tù, ihò náà á padà di ẹyin.

Ìyípo 40 láàárín ìṣẹ́jú kan ni mo fi yí i. Ìṣirò rẹ̀ kò ṣòro: ẹnu irin HSS, irin líle tí a fi ń ṣe ẹnu lathe, lè gé irin rírọ̀ ní bíi mítà 25 ní ìṣẹ́jú kan, yíyíká ihò 200 sì jẹ́ mílímítà 628. Ó dà bíi pé ó lọ́ra jù lójú ẹni tó mọ́ ọn lára láti máa gé ọ̀pá kékeré, ṣùgbọ́n wo igun pléètì tó lé ní ogójì kìlógíráàmù tó ń fì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ, ìwọ fúnra rẹ kò ní fẹ́ kó yára. Lára pléètì gáàsì, gígé àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jìn kọjá èèpo dúdú tí iná fi sílẹ̀. Tí ẹnu náà bá ń ha èèpo náà lásán, yóò kú. Lára pléètì dírílì, eyín 44 ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ń kan ẹnu náà gbà-gbà-gbà títí ojú fi dán.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo parí pléètì àkọ́kọ́. Mo mú micrometer inú, irin tí a fi ń wọn inú ihò, tí ọ̀gá mi fún mi lọ́jọ́ fírídọ̀mù, mo wọn ihò náà: 200 àti díẹ̀ lé. Àyè tí mo ní kò ju mílímítà 0.046 lọ. Inú mi dùn, mo tú pléètì náà sílẹ̀, a ti ilẹ̀kùn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọyẹ́ mú, irin tutù bí omi kànga. Bearing kọ̀, kò wọlé. Mo tún un wọ̀n: kò tó 200 mọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ló ṣì mí. Ojú mi kò ṣì mí. Pléètì náà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí mo wọ̀n ọ́n lálẹ́, gígé ló mú un gbóná. Irin tó bá gbóná máa ń fẹ̀, ihò inú rẹ̀ náà sì ń fẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ihò ń kéré nígbà tí irin bá fẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Fún ihò 200, kí irin gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìwọ̀n Celsius 20 péré, ihò náà á fẹ̀ ní 0.048. Gbogbo àyè tí mo ní tán síbẹ̀.

Ọmọ iṣẹ́ mi ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yá pléètì níná, ká ju bearing sínú rẹ̀.” Yóò wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n tí pléètì bá tutù, yóò fún bearing náà mọ́ra, àyè kékeré tí àwọn ọmọ irin inú rẹ̀ fi ń yí á tán, yóò máa gbóná, yóò sì kú láìpẹ́ nínú eruku òkúta yẹn. Mo dá pléètì náà padà sórí lathe. Kí n tó mú àárín rẹ̀ padà sójú àárín, kí ọwọ́ aago ìwọ̀n tó dúró sójú kan bí a ṣe ń fi ọwọ́ yí i, ọ̀sán ti pọ́n. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ gé kò nípọn tó irun orí.

Pléètì kejì, mi ò tú u. Mo gé e títí ó fi ku 0.2, mo pa jẹnẹrétọ̀, mo fi aṣọ mọ́ bo ojú rẹ̀, mo fi bearing náà sórí bẹ́ẹ̀dì lathe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí àwọn méjèèjì lè jọ sùn nínú òtútù kan náà. Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, mo fi ọwọ́ kàn án, ó tutù. Mo wọ̀n ọ́n, mo gé díẹ̀ tó kù, ìgbà méjì, ìgbà kejì láìfi kún un rárá, kí ọ̀pá tó gbé ẹnu náà, tó tẹ̀ díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, lè nà padà kó gé ohun tó ṣẹ́ kù. Mo dúró kó tún tutù. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bàbá ará Ìjùmú ti dé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò bá wa sọ̀rọ̀. Mo fi òróró díẹ̀ pa etí bearing, mo gbé e kalẹ̀ sí ojú ihò, mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tì í. Ó wọlé jẹ́jẹ́, afẹ́fẹ́ ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń mí, títí ó fi jókòó.